Omi Kétu Lẹ́nu Ọmọ Ọmú

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìsọlọ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tó ra agolo mílíìkì ọmọdé, yóò sì tún ṣẹ́ kù tí èèyàn á fi jẹun alẹ́. Búrẹ́dì tó gùn tó apá mi, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń tà á. Láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ọkọ̀, bí kọndọ́ bá sì mọ̀ ọ́ lójú, ó lè ní kí o wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Omi ńkọ́? Ta ló ń ra omi? Ẹnu ẹ̀rọ la ti ń pọn ọ́n, ìjà ibẹ̀ nìkan ni owó rẹ̀. Lónìí, owó tí kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọjà, mo lè fi ra aṣọ ìgbéyàwó láyé ìgbà náà. Agolo mílíìkì ọmọdé ti di ohun tí wọ́n ń tì mọ́ inú àpótí onígíláàsì, bí ẹni ti wúrà mọ́lé.

Ẹ má bínú. Arúgbó kì í lè sọ̀rọ̀ kó má ka iye tí nǹkan jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti owó. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan tí ẹnikẹ́ni kì í tà ni, tí Ọlọ́run gbé fún ọmọ-ọmọ mi láyà ìyá rẹ̀, tí èmi, bàbá àgbà rẹ̀, sì fi ọwọ́ ara mi dí lọ́nà.

Kétu ni wọ́n bí mi, ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo ka ìtàn àti èdè Faransé ní yunifásítì, nígbà tí ẹni tó dé yunifásítì ní gbogbo àdúgbò wa kò pọ̀. Ọjọ́ tí mo gboyè, bàbá mi pa àgbò. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílé, mo ń wo ojú ọ̀nà, iṣẹ́ kò wá. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti na ọwọ́ sí oúnjẹ ìyá mi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, Kàrímù àti Dáúdà, forí lé Èkó.

Mo rò pé mi ò lọ sílẹ̀ òkèèrè rárá. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Lójú mi, ilẹ̀ òkèèrè ni ibi tí èèyàn kò ti gbédè. Ọjọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì, àwọn èèyàn pàtẹ ata àti bàtà sórí irin ọkọ̀ ojú irin. Rélùwéè fọn fèrè, wọ́n kó ọjà wọn kúrò kíá, ọkọ̀ kọjá, wọ́n tún tẹ́ ẹ padà bí ẹni pé eṣinṣin ló fò kọjá. Mo dúró, ẹnu mi là sílẹ̀. Mo wá kí ìyá kan tó ń ta ọsàn, mo kí i bí a ṣe ń kí ìyá nílé wa. Ó wò mí tìtì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀.

“Ẹ wá gbọ́ Yorùbá Àgànyìn o!”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Àgànyìn. Àwọn ará Tógò àti Gánà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ará Òṣòdì, ẹni tó bá ti gba bọ́dà wọlé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé èdè tí ìyá mi fi kọ́ mi lè di ohun tí èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbọ́ èdè kan tí mi ò gbọ́ rí, ọkàn mi ì bá ti gbà pé àjò ni mo wà. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, títí kan ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ló gbà mí. Ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀rọ wọn ti wá, èmi ni mo ń ka ìwé ẹ̀rọ náà, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé a kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ la fi ń júwe. Àwọn obìnrin pọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ abiyamọ. Bí fèrè ìsinmi bá dún, wọn kì í lọ síbi oúnjẹ bíi tiwa. Ẹnu géètì ni wọ́n ń sáré lọ, nítorí àwọn àbúrò wọn ti gbé ọmọ dúró síbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ wọn á ti tutù láyà. Wọ́n á jókòó sórí bíríkì, wọ́n á ṣí bọ́tìnì, gbogbo ariwo á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Rísíkátù wà nínú wọn, ọmọ Ṣakí, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé, fèrè àtiwọlé sì dún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń ti géètì.

“Ìyá ọmọ, àkókò ti lọ. Fèrè ti dún.”

“Etí tìẹ ló dún sí,” ni Rísíkátù wí. “Kò dún sí etí ọmọ. Bí o bá ti géètì yìí, ìwọ lo máa fún un lọ́mú!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì rọra fi géètì sílẹ̀. Mo dúró nítòsí, mo gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń gbé ọmú mì, gbùk, gbùk, gbùk. Ìyá mi wá sí mi lọ́kàn, mo bá lọ sẹ́yìn ògiri lọ nu ojú mi. Ohùn ọmọ tó ń gbé ọmú mì kò ní ti Kétu, kò ní ti Èkó. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní Àgànyìn.

Ọdún gorí ọdún. Ilé iṣẹ́ aṣọ náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo di tíṣà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé láti ilé ìwé aládàáni kan dé èkejì, títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀. Ìyàwó mi bá mi gbé Ìsọlọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí Kétu lọ tọ́jú ìyá mi, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Lójoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó máa ń pariwo bí ẹni pé bọ́dà gan-an ló ń dí i lóhùn. “Bàbá Wòsí, ṣé ẹ ti jẹun? Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?” Mo máa ń ní mo ń bọ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń bọ̀.

Wòsílátù ọmọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Wòsí, wá bá mi láti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ó fẹ́ Láfíù, awakọ̀ tírélà tó ń na Kánò, ọmọ dáadáa tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ilé wọn wà ní ọ̀nà Ailegun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, wọ́n sì fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni mo wà nígbà tí Wòsí bí ọmọbìnrin. Àlùfáà sọ ọ́ ní Hàlímà, ó ní orúkọ obìnrin tó fún Ànábì lọ́mú ni. Ìyá rẹ̀ àgbà ló yẹ kó wá wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣubú lágbàlá, egungun itan rẹ̀ sán, kò sì lè dìde.

“Bàbá Wòsí,” ló wí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kò pariwo lọ́jọ́ náà, “ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyá ọlọ́mọ báyìí o.”

Ìyá Sùlè, ará ilé kejì, obìnrin Ìsẹ́yìn tó ń ta bàtà ní Òṣòdì, ló ń bá wa wẹ ọmọ láàárọ̀. Ó wẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó jù ú sókè, ó hán an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òun àti Wòsí kò wọ̀ nípa oúnjẹ. Lọ́jọ́ kìíní, ó fẹ́ kí Wòsí fún ọmú tó yọ pupa bí òróró yẹn dànù. Wòsí kọ̀, ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé òun ni àkọ́kọ́ oògùn tí ọmọ máa lò. Ìyá Sùlè gbé àgbo wá, Wòsí tún kọ̀.

“Oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan,” ni ọmọ mi wí.

“Omi náà ńkọ́?” Èmi ni mo bèèrè.

“Kò sómi, Bàbá.”

“Nínú ooru Èkó yìí?”

“Omi wà nínú ọmú. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á fà á. Èmi ni kí ẹ fún lómi.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i bí inú mi ṣe ń fún pọ̀ bó bá ń mu ún? Wọ́n ní ilé ọmọ ló ń padà sí àyè rẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ì bá máa dà lára mi ló ń dá dúró. Òun náà ń tọ́jú mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo kàwé, mi ò kọ ọ̀rọ̀ tó bá mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ìyàwó mi ń pè láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí.

“Ṣé ó ti tọ́ omi ilé wò?”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní agbo ilé wa ní Kétu, kànga kan wà láàárín àgbàlá. Ọmọ tí wọ́n bá bí fún wa, omi kànga yẹn ni omi àkọ́kọ́ tí yóò wọ ẹnu rẹ̀. Ìyá ọmọ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé ọmọ sí itan, á sì rọ ọ́, á máa dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá mu ún, ibikíbi tó bá dàgbà sí, bó bá wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ ilẹ̀, á máa rìn bí àlejò. Ìyá mi rọ mí. Ìyàwó mi rọ Wòsí.

Ìyàwó mi kò dúró kí n dá a lóhùn. Ó ní kí wọ́n pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ó fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó. Mo lọ gbà á ní garáàjì Òṣòdì. Kẹ́ẹ̀gì náà wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, ó gbóná. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń pe èrò sí ọkọ̀ wò ó, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Bàbá, kí lèyí? Ògógóró?”

“Omi ni.”

“Omi! Ẹ gbé omi wá láti Kùtọnu, ẹ gbé e wá sí Èkó tí òkun yí ká? Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ lówó o!”

Àwọn èèyàn ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbá kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́.

N kò sọ fún Wòsí. Mo sọ fún ara mi pé díẹ̀ ni, pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Bó bá lọ wẹ̀, tó gbé ọmọ sí mi lọ́wọ́, mo máa ń wọ yàrá mi, mo máa ń bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ bí ìyá mi ṣe ń ṣe. Nígbà àkọ́kọ́, mo dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Hàlímà fajú ro, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e mì. Ẹ má bi mí bí inú mi ṣe dùn tó. Ogójì ọdún ni mo ti wà ní ìlú tí ohun tí mo mọ̀ láti ilé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Faransé tí mo kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ahọ́n mi ti di ti Èkó, débi pé bí mo bá lọ sílé, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Ohun kan ló kù tí mo lè fi lé ẹ̀jẹ̀ mi lọ́wọ́, ó sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn mi. N kò tilẹ̀ sè é. Mo rò pé bí mo bá sè é, Kétu inú rẹ̀ á kú.

Ẹ̀ẹ̀kan di ojoojúmọ́. Nígbà tí mo rí i pé omi ń mú un dákẹ́ bó bá ń ké, mo ń fún un láàárọ̀, mo ń fún un lọ́sàn-án nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyàwó mi ń yìn mí lórí fóònù. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọkùnrin lè rọ ọmọ.

Wòsí ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ọmọ kì í fà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Á fi ẹnu kan ọmú, á yí orí kúrò, á sùn. Ọmú Wòsí kún, ó le bí òkúta, ibà mú un. Ìyá Sùlè fi aṣọ gbígbóná jó o, Wòsí ń fi eyín tẹ ètè kó má baà ké. Lẹ́yìn tí líle náà rọ̀, ọmú ọ̀hún kò kún mọ́. Ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ olómi.

Èmi ni mo gbé báàgì ọmọ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ. Wọ́n gbé Hàlímà sórí ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n náà, ó tún un wò, ó fi ìka kan àwùjẹ̀ ọmọ lórí, ibi rírọ̀ yẹn ti jìn wọlé díẹ̀.

“Ìyá Hàlímà, kí lẹ ń fún un?”

“Ọmú.”

“Kò sí ẹ̀kọ? Kò sí àgbo? Kò sí omi?”

“Nọ́ọ̀sì, ọmú nìkan.”

“Ẹ sọ òótọ́ fún mi o. N kò ní bínú.”

“Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra,” ni ọmọ mi wí, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. “Omi kò kan ètè rẹ̀ rí.”

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, báàgì wà lórí itan mi. Mo gbọ́ ọ. Mo wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún wa ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru, ó ní kí a padà wá láìpẹ́, kí Wòsí sì máa gbé ọmọ sọ́mú léraléra, kó má dúró kó tó ké. Kẹ̀kẹ́ gbé wa relé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní:

“Ọmú mi ni kò dáa, Bàbá. Kò lóore. Ẹ bá mi lọ ra mílíìkì.”

Ó fún mi lówó, ó wọlé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú bí ọmọdé.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà níwájú. Ọmọbìnrin tó ń tajà mú kọ́kọ́rọ́ àpótí onígíláàsì náà, ó kí mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ráńpẹ́.

“Ọmọ oṣù mélòó ni, Bàbá?”

“Kò tíì pé oṣù méjì.”

“Áà. Ṣé ara ìyá rẹ̀ ò yá ni?”

“Ara rẹ̀ yá.”

“Kò lómi ọmú?”

“Ó ní in,” ni mo wí. “Ó pọ̀ láyà rẹ̀.”

Ó wò mí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí wá lẹ fẹ́ rà á sí?”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo wo agolo inú gíláàsì náà, èmi arúgbó tó kàwé gboyè. Mo ní kó jọ̀ọ́, mo ń bọ̀, mo yí padà.

Wòsí jókòó lórí ibùsùn, Hàlímà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sun oorun ẹni tí ó ti rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi.

“Mílíìkì dà?”

“N kò rà á.”

“Owó ò tó ni?”

“Owó tó. Kò sí nǹkan tó ṣe ọmú rẹ, Wòsí. Èmi ni. Mo ti ń rọ ọ́ lómi.”

Kò kọ́kọ́ yé e. “Omi wo?”

“Omi kànga wa. Ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́. Omi ló ń yó o, ìdí nìyẹn tí kò fi ń fa ọmú. Omi náà ló sì ba inú rẹ̀ jẹ́.”

Mo retí kó pariwo. Ì bá ti dára kó pariwo.

“Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo búra,” ló wí.

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ ń gbọ́ mi.”

“Mo ń gbọ́ ọ.”

“Ẹ jẹ́ kí n fi Ọlọ́run búra, Bàbá.”

Ó gbé ọmọ náà, ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ọmú pa ètè rẹ̀ kó lè jí. Ìyá Sùlè wọlé pẹ̀lú aṣọ gbígbóná, ó wò wá.

“Kí ló dé tí ẹ dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè?”

“Bàbá ló ń rọ ọmọ mi lómi,” ni Wòsí wí fún ògiri.

“Omi lásán?” Ìyá Sùlè rẹ́rìn-ín. “Bàbá Àgànyìn! Mo rò pé wọ́n ta ọmọ ni. Ta ni wọn ò rọ nínú wa? Sùlè mi mu àgbo kó tó mọ ọmú, ẹ lọ wo ọrùn rẹ̀ bíi ti màlúù.” Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. “Àwọn tó ṣáájú Sùlè, ìgbẹ́ gbuuru ló mú wọn lọ. Wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n fi abẹ kọ wọ́n lára.” Ó jókòó ti Wòsí, ó gbé aṣọ gbígbóná lé e láyà. “Fún un, ọmọ mi. Fún un, kó fà á.”

Mo jáde síta. Kò sí ẹni tó lé mi.

Láti ọjọ́ yẹn, Wòsí ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ara sí ara, ó ń gbé e sọ́mú ní gbogbo ìgbà tó bá ti la ojú. Ní àkọ́kọ́, Hàlímà ń bínú, ó ń fà, kò rí tó bó ṣe fẹ́, ó ń ké, igbe náà ń gún mi nínú yàrá ẹ̀yìn bí abẹ́rẹ́. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ mímu, mo ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ń kan ilẹ̀kùn, mo ń padà. Mo ń fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ lẹ́yìn ilé. Àwọn obìnrin ilé kejì ń yọ orí wò mí lójú fèrèsé.

“Bàbá Wòsí ti di ìyá ọlọ́mọ!”

“Ẹ bá mi fọ ti èmi náà o!”

Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aṣọ yẹn nìkan ni wọ́n ṣì gbà kí n fọwọ́ kàn lára ọmọ náà.

Ọmú padà. Bó ṣe ń fà á ni ó ń sun, bí kànga tí wọ́n ń pọn. Nígbà tó yá, mo wà nídìí ààrò, mo sì gbọ́ ọ láti inú yàrá wọn, gbùk, gbùk, gbùk. Mo pa iná, mo dúró, mo gbọ́ ọ títí ó fi tán. Nígbà tí wọ́n tún gbé e sórí ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Èyí ni mo fẹ́ rí.” Wòsí ló sọ fún mi. Kò pè mí kí n tẹ̀ lé wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Omi yẹn, ṣé ó kù?”

Ojú tì mí láti fa kẹ́ẹ̀gì náà yọ. Mo ní mo máa dà á nù.

“Ta ló ní kí ẹ dà á nù? Ẹ sè é. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa.”

Mo sè é. Ó hó, ó tutù. Ó bu ife kan, ó mu ún tán ní ìdúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

“Omi lásán ni, Bàbá.” Ó ronú díẹ̀. “Ó dùn díẹ̀.” Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó ṣí bọ́tìnì. “Ibi tí ó máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí. Kò sí ọ̀nà mìíràn.”

Gbogbo ìwé tí mo kà, n kò ronú débẹ̀ rí, pé ìyá ni kànga. Ohun tí a bá fẹ́ kí ọmọ gbà láti ilé, ìyá rẹ̀ la ó fún.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi lórí fóònù. Mo sọ ti ìgbẹ́ gbuuru, mo sọ ti ìbúra.

“Èmi ni mo fi ránṣẹ́,” ló wí.

“Èmi ni mo rọ ọ́.”

“Wòsí mu ún, ẹ ní?”

“Ó mu ún.”

“Ó ti dé ibẹ̀ nìyẹn.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, Bàbá, ó ti tán. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ẹran tó pọ̀ jù ló ń fi sínú oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ wẹ̀, Ìyá Sùlè ló ń gbé ọmọ fún. Bí Ìyá Sùlè kò bá sí, ó ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó ń tẹ́ aṣọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Mo ti gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì ti padà dé Kétu tí wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà, n kò mọ̀ pé irú àjò kan ṣì wà tó jìn ju ìyẹn lọ: kí èèyàn jókòó ní àgbàlá ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Ìyá Sùlè ti lọ sí Ìsẹ́yìn. Oníbàárà kan dé sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ wọn aṣọ wò, ó ń kánjú. Mo wà lórí àga níta. Wòsí jáde, Hàlímà wà léjìká rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wò mí. Ó rọra gbé ọmọ náà sórí itan mi, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wọlé lọ. Kò pàṣẹ kankan fún mi. N kò mọ ìgbà tí mo kẹ́yìn di nǹkan mú bẹ́ẹ̀.

Fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Kàrímù ni, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tí a jọ gbéra ní Kétu lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó sì bi mí pé ta ló ṣẹ́ kù nínú wa. Hàlímà ti ń fi ẹnu wá nǹkan kiri láyà mi, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ igbe. Mo ní kí ìyá rẹ̀ àgbà dúró.

“Wòsí! Ọmọ rẹ fẹ́ jẹun.”

“Mo ń bọ̀, Bàbá!”

Nígbà náà ni mo kà wọ́n fún ìyàwó mi. Kàrímù kò sí mọ́. Dáúdà ti kú tipẹ́, Mushin la sin ín sí. Ìyá mi kò sí mọ́, bàbá mi kò sí. Ìwọ wà, ò ń fi igi rìn. Èmi wà. Hàlímà wà, ebi ń pa á, ìyá rẹ̀ sì ti ń bọ̀.